ẸJỌ́ TÍ ỌJÀ KÒ GBỌ́DỌ̀ PARÍ

Ọ̀rọ̀ tí a bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù, tí a tẹ̀ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí wúwo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ni, àti ohun tí àwa obìnrin ọjà lè ṣe sí i. Àwọn kan á ní, "Irú ọ̀rọ̀ wo lẹ tún gbé dé yìí? Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní gbangba nìyẹn?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Àwọn àgbà ló sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni wọ́n dárúkọ o, wọn ò dárúkọ ààfin. Àwa la wà lọ́jà.

Bí ó ṣe máa ń rí

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjà mọ ẹjọ́ parí. Bí ẹni méjì bá jà nítorí oníbàárà, a ó parí ẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó owó àjọ jẹ, a ó pè é jókòó, a ó bu gbèsè náà fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ìyàwó ilé méjì bá gbé ìjà ilé wá sí ìsọ̀, a ó là wọ́n. A kì í sáré gba tọ́lọ́pàá lọ, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tó dáa ni, ó sì ń buyì kún wa.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí ọgbọ́n yìí kò tọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí á wo bó ṣe máa ń rí, torí kò sí ọjà tí irú ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀.

Ká sọ pé ọmọbìnrin ọdún 11 kan ń kiri omi inú ọ̀rá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọjà ti ń tú. Ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ọmọ náà ń pè ní bùrọ̀dá, ra omi, ó ní kó tẹ̀ lé òun wọ sítọ́ọ̀ wá gba owó ẹ̀. Lálẹ́ ni ìyá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Ó figbe ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà pé jọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn èèyàn ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Èṣù ni. Wọ́n gbé owó kalẹ̀. Ẹnì kan wá sún mọ́ ìyá ọmọ, ó rọra sọ sí i létí pé, "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ta ni yóò fẹ́ ọmọ ẹ lọ́la?" Ìyá tí kò ní owó ọjà lọ́wọ́, tó ń sunkún, gba owó. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú ká. Wọ́n ní ẹjọ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò. Owó tí ọkùnrin yẹn san, kí ló fi rà? Kò ra ìwòsàn fún ọmọ náà, torí kò sẹ́ni tó gbé e dé ọsibítù. Kò ra ìrònúpìwàdà, torí kò kúrò ní sítọ́ọ̀ ẹ̀. Ìdákẹ́ wa ló rà. Ó ti wá mọ iye tí ìdákẹ́ ń jẹ́ ní ọjà náà, ó sì mọ̀ pé òun lè rà á nígbà mìíràn. Ọmọ kejì tí yóò pè wọ sítọ́ọ̀, owó àkọ́kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ẹjọ́ yìí kò jọ ẹjọ́ gbèsè. Ẹni tó jẹ gbèsè lè san án, kí ojú olówó rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí kò ṣeé kà sínú igbá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n ṣe é sí kò sí níbi ìjókòó náà, kò sẹ́ni tó bi í bóyá òun fẹ́ kó parí. Àwọn àgbà ló dárí jini lórúkọ ẹ̀. Ó sì ń rí ọkùnrin náà lójoojúmọ́, ìyá ẹ̀ sì ń ní kó kí i.

Ohun tí òfin wí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18. Òfin 2003 náà sọ pé ẹni tó bá bá ọmọdé lòpọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ó tún fi kún un pé kò já mọ́ nǹkan kan bí ọkùnrin náà bá ní ọmọ ọ̀hún gbà, tàbí bó bá ní òun rò pé ó ti dàgbà. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "Òun náà ló lọ bá a nínú sítọ́ọ̀," ẹ sọ fún un pé òfin kò bi ọmọ bóyá ó gbà.

Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó tako ìwà ipá sí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti sọ ọ́ di tiwọn. Òfin yìí gbà pé wọ́n lè fipá bá ọkùnrin náà lòpọ̀, kì í ṣe obìnrin nìkan. Ó ní gbígbà tí wọ́n fi ìdẹ́rùbà, oògùn tàbí ẹ̀tàn gbà kì í ṣe gbígbà. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa: ó fún adájọ́ láṣẹ láti ní kí ọ̀daràn san owó ìtanràn fún ẹni tó ṣe ní ibi. Ẹni tó bá ń rò pé bí a kò bá parí ẹ̀ nílé ìyá ọmọ kò ní rí nǹkan kan gbà, kó mọ̀ pé kóòtù náà lè ní kí wọ́n sanwó, ẹ̀wọ̀n á sì tún wà níbẹ̀.

Gbígba owó láti fi bo irú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá báyìí mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni òun náà lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn. Àgbà tó jókòó pín owó náà lè bá ara ẹ̀ níwájú adájọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́

Ní ọdún 2014, àjọ tó ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n rí i pé nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ti rí ìwà ìbàjẹ́ yìí kó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ọ̀kan ti rí i. Ẹ wo ìlà ìsọ̀ yín, kí ẹ ka àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀. Ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ.

A ti fi gbogbo ẹnu kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa nípa àjèjì àti gbọ́mọgbọ́mọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọmọ mọ̀ ni: ará ilé, alájọgbélé, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, tíṣà, ọ̀rẹ́ bàbá, oníbàárà tó máa ń fún un ní ṣéńjì. Kì í fi agídí bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ fún ọmọ ní bisikíìtì, á ní kó má sọ fún ìyá ẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá ti gba àṣírí kékeré mọ́ra, á gbé ńlá lé e.

Nínú ọjà tiwa, àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn ọmọ tó ń kiri lálẹ́, àwọn ọmọbìnrin alábàárù tó ń sùn sẹ́yìn ìsọ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti abúlé, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò lójúlé níbòmíràn. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ kò sí nítòsí, àwa ni ìyá ẹ̀ lọ́jà.

Àwa àgbà náà kò bọ́. Ẹni tó ń gbé ọjà wá ní àwìn tó bá sọ fún opó pé òun yóò fi owó sílẹ̀ fún un bó bá lè wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, ìfipámúni ni. Pé kò mú ọ̀bẹ dání kò sọ pé kì í ṣe ipá. Ẹni tí ebi ọmọ ń dún mọ̀kúrú mọ̀kúrú sí létí, ta ni yóò sọ pé ó gbà tinútinú?

Ẹ tún rántí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fa oníbàárà lọ́wọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ kan ìdí àti ọmú àwọn ọmọbìnrin tó wá ra ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin yan wọ ọjà Yábàá ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí, Dámilọ́lá Marcus ló ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n ń wí kò ju pé àwọn fẹ́ wá ra ọjà kí àwọn sì máa lọ ní àlàáfíà. Bí oníbàárà bá ń bẹ̀rù ọjà wa, ta ni a ó tà á fún?

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ìkíní, ẹ gba ọmọ gbọ́. Ẹ má nà án, ẹ má bi í pé kí ló wá lọ síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ̀bi ẹ kọ́. O ṣeun tó o sọ." Ohun tó bá sọ, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni kó gbọ́ ọ. Ẹ má pe gbogbo ìlà wá bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì, ẹ má wẹ̀ ẹ́. A mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ìyá lọ́kàn ni omi gbígbóná. Ẹ ní sùúrù. Omi á fọ ẹ̀rí lọ. Aṣọ tó wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wé e sínú bébà, ẹ má kó o sí náílọ́ọ̀nù, torí á gbóná níbẹ̀, ẹ̀rí á sì bàjẹ́.

Ìkẹta, ọsibítù, lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tó ń dènà kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kó tó pé wákàtí 72, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Èyí tó ń dènà oyún, ó yẹ kí a lò ó kó tó pé wákàtí 120, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Àwọn tó ń fi ọjọ́ méje jókòó parí ẹjọ́, ẹ ò rí i pé ìgbà tí wọ́n fi máa parí ẹ̀, àkókò oògùn ti kọjá? Bí ọjọ́ bá tiẹ̀ ti lọ, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ìtọ́jú mìíràn wà.

Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013. Òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, ọmọdé àti àgbà, wọ́n sì máa ń bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ìtùnú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ DSVA. Ọdún 2014 ni iṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, òfin sì sọ ọ́ di àjọ ní 2021. Nọ́ńbà wọn ni 08000 333 333, a kì í san owó láti pè é. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ yín. Ẹni tó wà ní ibòmíràn lè pe 112.

Ìkẹrin, ọlọ́pàá. Kí ìyá ọmọ má dá lọ. Kí obìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, kí wọ́n béèrè fún ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, kí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lọ.

Ìkarùn-ún, ẹ má ṣe fi táyà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. A mọ̀ bí inú ṣe máa ń ru. Ṣùgbọ́n òkú kì í jẹ́jọ́, wọ́n sì ti pa aláìṣẹ̀ rí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un, ẹ dì í mú, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ jẹ́ kí á yéé sọ pé "wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́." Ọmọ kò bàjẹ́. Ẹni tó ṣe é ni ìwà ẹ̀ bàjẹ́. Bí àwa bá yí ọ̀rọ̀ ẹnu wa padà, kò ní sí ẹni tí yóò lè fi "Ta ni yóò fẹ́ ẹ?" dẹ́rù ba ìyá mọ́.

Kí ó má tiẹ̀ ṣẹlẹ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ọmọkùnrin tó ń hùwà yìí, inú ilé wa ni wọ́n ti jáde. Bí ọmọkùnrin bá ń wo bàbá ẹ̀ tó ń lu ìyá ẹ̀, tí àwa sì ń sọ fún ìyàwó pé "máa rọ́jú," ẹ̀kọ́ là ń kọ́ ọmọ yẹn. Bí a bá ń sọ fún un pé obìnrin tó ní "rárá" ń ṣe yàǹgà ni, pé kó tẹ̀ síwájú, àwa là ń pọ́n ọ̀bẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ wọn pé rárá, rárá náà ni. Ẹni tó dákẹ́ kò tí ì gbà. Ẹni tó sùn tàbí tó mutí yó kò lè gbà. Owó tí o fi ra ẹran àti ọtí fún ọmọbìnrin kò fi ara ẹ̀ sí igbá rẹ. Ó yẹ kí oníṣòwò mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: oníbàárà tó nájà tí kò rà kò jẹ wá ní gbèsè.

Ẹ kọ́ ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọn láìfi ẹ̀rín bò ó. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí àgbà tó lè ní kí wọ́n máa bá òun pa àṣírí nípa ara wọn mọ́. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà dáa, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní òun kò fẹ́ jókòó lórí ẹsẹ̀ bùrọ̀dá kan kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bi í pé kí ló dé.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìfẹ́ tó dáa nínú ilé: ọkọ tó ń béèrè, aya tó lè sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láìbẹ̀rù ìgbájú, àwọn méjèèjì tó ń jíròrò owó. Ọmọ tó bá ti mọ ojúlówó kò ní ra ayédèrú.

Kì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan lè ní obìnrin ọjà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí Abẹ́òkúta. Ọdún 1918 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí níbẹ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 15. Àwọn agbowó orí kan a máa bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin, wọ́n ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti tó ẹni tó ń san. Àwọn ìyá wọn kò pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tí a ń parí. Wọ́n tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, alátà, aláró, aláṣọ, wọ́n dó sẹ́nu ọ̀nà ààfin láti ọdún 1947, wọ́n ń kọrin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ọdún 1950 ló tó padà. Bí wọ́n bá lè dìde sí ìjọba nítorí ara ọmọ wọn, ṣé onísítọ́ọ̀ kan ni yóò wá fi owó pa àwa lẹ́nu mọ́?

Ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí á fẹnu kò lé lórí

1. Kò sí olórí ìsọ̀ tàbí olóyè ẹgbẹ́ tí yóò jókòó parí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, tàbí tí yóò gba owó nítorí ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é yóò kúrò nípò.

2. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí gbogbo ọmọdé inú ọjà mọ̀ pé àwọn lè sá lọ bá.

3. Kí a máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣù fún owó ọkọ̀ sí ọsibítù àti sí kóòtù, àti owó tí ìyá ọmọ yóò fi jẹun ní ọjọ́ tí kò lè pàtẹ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa. Àìní ló ń mú ìyá gba owó ọ̀daràn. Bí ẹgbẹ́ bá dúró tì í, kò ní gbà á.

4. Kí ọmọ má kiri mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ilé-ìwé sì ṣáájú ọjà.

5. Kí iná wà níbi ilé ìyàgbẹ́, kí ti obìnrin ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú. Kí a ti gbogbo sítọ́ọ̀ tó ṣófo.

6. Ẹni tó bá ń fi àwìn béèrè ara obìnrin, kí a gbọ́ orúkọ ẹ̀ nínú ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, a kò sọ pé kí á yéé parí ẹjọ́. Àjọ tí wọ́n kó jẹ, ẹ jẹ́ kí á parí ẹ̀. Ìjà oníbàárà, ẹ jẹ́ kí á parí ẹ̀. Eléyìí nìkan ni kí á fi sílẹ̀ fún dókítà àti adájọ́, kí àwa sì dúró ti ọmọ títí yóò fi parí ní òótọ́.

Ọjà á tà o. Ibi kò ní wọlé tọ̀ wá. Àwọn ọmọ tó ń sáré káàkiri ìsọ̀ wa yóò dàgbà láìsí ẹ̀rù, wọn yóò sì gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà tí a bá darúgbó. Àṣẹ.